Àádọ́ta Ìlà Tí Mo Fi Àmì Sí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tí ẹ bi mí pé báwo ni ènìyàn ṣe lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ka fáìlì, mi ò dá yín lóhùn dáadáa. Mo sọ̀rọ̀ nípa àga tó dára fún ẹ̀yìn, mo sọ̀rọ̀ nípa awò ojú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́, mo sì jókòó. Ohun tó yẹ kí n sọ ni mo fẹ́ kọ síbí. Kì í ṣe pé mo ní ìgboyà. Ẹnì kan ló ní kí n kọ ọ́, ẹ ó sì mọ ẹni náà kí n tó parí.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, nínú ọ́fíìsì kan ṣoṣo, lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan nítòsí Rye Lane, ní Peckham, London. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn láti sọ. Mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé kan náà, ọ̀gá tó wà lókè ń wá ẹni tí yóò bá a tún tirẹ̀ ṣe, mo gun àtẹ̀gùn lọ, mi ò sì padà sísàlẹ̀ mọ́. Owó oṣù náà tó jẹun. Ó tán.

Iṣẹ́ wa nìyí. Àwọn kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, máa ń kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde nílé sínú fáìlì onílà-àti-òpó, irú èyí tí gbogbo yín ń pè ní spreadsheet, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí wa. Ìlà kan fún ẹnì kan. Orúkọ wà ní òpó kìíní, ilé wà ní ìkejì, ohun tó fẹ́ràn láti jẹ wà ní ìkẹta, ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ wà ní ìkẹrin, ọ̀rọ̀ fún awakọ̀ wà ní ìkarùn-ún. Kóòdù wa, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Òun ni yóò ka fáìlì náà, tí yóò sì pín ohun tó kà fún ilé ìdáná àti àwọn awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Tí a bá ṣì í kà, oúnjẹ tí kò yẹ yóò dé iwájú ẹni tí kò yẹ.

Ọ̀gá mi ni gbogbo wa ń pè ní Alhaji. Ará Ìṣẹ́yìn ni, ó ti pẹ́ ní London débi pé Yorùbá àtijọ́ tí àwa gan-an ti gbàgbé ló fi ń bú bọ́ọ̀sì tó bá pẹ́. Odindi ọdún kan ni kò fi jẹ́ kí n kọ kóòdù kankan. Ìwé àti rúlà ló kó fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń kà. Ó fi hàn mí pé fáìlì náà kì í ṣe ohun kan rárá. Àpò ni. Ọ̀pọ̀ fáìlì kéékèèké ni wọ́n kó sínú rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ó ní kí n tú àpò náà, kí n tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ìwé, kí n máa fi ìka kà á.

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kò sí nínú ìlà. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ fúnra wọn wà nínú ìwé mìíràn nínú àpò kan náà. Tí mo bá ní, "Alhaji, ẹja ló wà níbí," yóò ní, "Irọ́ ni. Mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Lọ wo ohun tí mẹ́jọ ń jẹ́."

Lọ́jọ́ kan ó gbé ìlà kan fún mi, ó ní kí n ka iye àpótí, ìyẹn ojú kọ̀ọ̀kan tí ìlà àti òpó ti pàdé, tó wà nínú rẹ̀. Mo ka mẹ́rin. Ó bi mí pé òpó mélòó ni fáìlì náà ní. Mo ní márùn-ún. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ títí màá fi rí ìkarùn-ún. Mo jókòó títí ìrun Àṣàrí fi kọjá. Nígbà tó padà dé, omi ti fẹ́ bọ́ lójú mi.

"Àpótí tó ṣófo kì í sí nínú fáìlì," ó wí. "Wọn ò kọ ọ́ rárá. Nítorí náà, má ka iye láéláé. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì lára. Àdírẹ́sì yẹn ni kó o kà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Tí àpótí kẹta bá ṣófo tí o sì ń ka iye, ìkẹrin yóò wá jókòó sí àyè ìkẹta. Mo jìyà kí n tó mọ̀ ọ́n. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń wò ó bí ohun ìní mi.

Alhaji ní òfin kan tí mi ò rí níbòmíràn. Kí kóòdù tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni méjì gbọ́dọ̀ jókòó kojú ara wọn. Ẹnì kan á di ìwé tí a tẹ̀ láti inú fáìlì mú, ẹnì kejì á máa ka ohun tí kóòdù rí lójú kọ̀ǹpútà sókè. Àádọ́ta ìlà. Ẹni tó di ìwé mú á ní "ó tọ́", á sì fi bírò pupa fi àmì sí i. Ẹni tó ń kà kò gbọ́dọ̀ rí ìwé, ẹni tó di ìwé mú kò gbọ́dọ̀ rí kọ̀ǹpútà. Alhaji ní tí ẹnì kan ṣoṣo bá rí méjèèjì, á máa bá ara rẹ̀ gbà ni.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ kóòdù, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà nígbà náà ni mo gbà. Kóòdù mi á kó fáìlì tán sínú sáfà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, bí ẹni tó ń pọn omi kún àgbá kó tó bu ife kan mu. Ó dára. Ó tilẹ̀ máa ń bá wa fi àyè sílẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi tí àpótí bá ti ṣófo, kò sẹ́ni tó ń rántí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, àwọn àgbàlagbà Catford dé, ti Deptford dé, fáìlì wá tóbi débi pé sáfà á wú, á sì kú láàárín iṣẹ́. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo ń dé lárààárọ̀, mo ń fi ọwọ́ gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, mo sì ń bọ́ sáfà bí ọmọ ọwọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí i. Wọn ò lè ṣe é láìsí mi.

Kí ẹ mọ̀ pé mo nílò rẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀ nígbà kan, a di márùn-ún, a di mẹ́ta. Alhaji kì í lé ènìyàn. Ó máa ń po tíì fún un ni. Á gbé kẹ́tù kaná, á pe orúkọ ẹni náà, wọ́n á wọ inú kíṣìnì kékeré yẹn, ẹni náà á sì jáde láti lọ kó ẹrù rẹ̀. Títí dòní, tí Sìkírá ìyàwó mi bá gbé kẹ́tù kaná láìsọ fún mi, àyà mi máa ń já.

Ìgbà náà ni Kafáyá dé. Peckham ni wọ́n bí i sí, inú ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ló ti dàgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Yorùbá rẹ̀ ní ẹnu London, ṣùgbọ́n kì í tijú láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi.

"Uncle, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gé fáìlì."

"Like, pẹ̀lú ọwọ́?"

"Pẹ̀lú ọwọ́."

"Every day?"

Mo ní títí kan ọjọ́ Jímọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi ká ní ó rẹ́rìn-ín.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kọ kóòdù tó ń ka fáìlì bí ó ṣe ń wọlé. Stream lẹ̀yin ń pè é. Kò sí àgbá mọ́. Ẹ̀rọ omi ló ṣí: ìlà kan dé, ó tọ́jú rẹ̀, ó jẹ́ kó lọ, òmíràn dé. Fáìlì tó máa ń pa sáfà wa gba ibẹ̀ kọjá kí Alhaji tó gbé ife tíì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Alhaji wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí ti gbé ẹrù kúrò lórí wa."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ó dáa" ni ìyìn tó gùn jù tí mo gbọ́ rí.

Mo jowú ọmọ náà. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí màá fi pè é. Mo jowú bí Alhaji ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹnu London rẹ̀. Mo jowú pé ó ń pè é ní "Alhaji mi". Mo jowú pé Alhaji ń bá a jẹun ọ̀sán, nígbà tó jẹ́ pé èmi ń dá ìrẹsì mi jẹ nídìí kọ̀ǹpútà. Mo tilẹ̀ jowú bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà láìwo ọwọ́. Sìkírá bi mí bóyá mo fẹ́ fẹ́ ọmọ náà ni, torí orúkọ rẹ̀ ló kù tí mò ń pè nínú ilé. Mo búra fún un pé kì í ṣe ìfẹ́.

"Mo mọ̀," ó wí. "Ẹni tó ń fẹ́ ènìyàn kì í lọ eyín báyìí tó bá ń sùn."

Ẹ̀rù sì wà lábẹ́ owú yẹn. Tí kò bá sí fáìlì láti gé mọ́, ta ni wọn á po tíì fún?

Kí a tó ṣe ìdánwò kóòdù rẹ̀, Kafáyá wá bá mi. Ó bi mí bóyá ohun kan wà tó yẹ kí òun mọ̀ nípa àwọn fáìlì yìí, torí èmi ni mo ti pẹ́ jù níbẹ̀. Mo ti ka kóòdù rẹ̀ nígbà náà. Mo ti rí i pé iye ló ń kà. Àpótí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń pè ní ìkíní, èyí tó bá tẹ̀ lé e ló ń pè ní ìkejì, kò wo àdírẹ́sì rárá. Kóòdù àtijọ́ tó ń fi àyè sílẹ̀ fún wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí.

Mo ní, "Rárá o. O ti mọ̀ ọ́n tán."

A jókòó kojú ara wa. Òun ló ṣa àádọ́ta ìlà náà, èmi ni mo di ìwé mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti jẹ, nítorí náà gbogbo òpó kún, ó sì ń lọ geerege. A dé ìlà kẹtàdínlógójì. Ìyá àgbà kan ní Deptford ni. Kafáyá kà á sókè: orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, ó fẹ́ràn ẹja, kò sí ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ.

Lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, òpó ohun tó fẹ́ràn ṣófo, ti ọ̀rọ̀ fún awakọ̀ náà ṣófo. Ẹja wà ní òpó ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé ilé ìdáná á rí àṣìṣe náà, wọ́n á pe Alhaji, Alhaji á gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ náà ń ṣìṣe, èmi á sì jáde wá tún un ṣe lójú gbogbo wọn. Mi ò ro ti ìyá náà rárá. Ìlà ni mo rí.

"Uncle?" Kafáyá ń dúró.

"Ó tọ́," mo wí. Mo fi àmì sí i.

Ọjọ́ kẹta tí kóòdù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ẹja lílọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún gígún bò ni wọ́n gbé fún un, èyí tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì rí ẹja níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé awakọ̀ tó gbé oúnjẹ náà wá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, ó sì gbọ́ tí àwo já. Ọ̀fun ìyá náà ti wú dí. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò nílé ìwòsàn kó tó padà sílé. Mọ́ṣáláṣí wa ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń kírun. Ní Jímọ̀ yẹn, ó dìde, ó bẹ̀ wá kí a ṣe àdúà fún ìyá òun. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Mo ṣe é sókè.

Alhaji pe àwa méjèèjì jókòó. Ó béèrè ìwé tí mo fi àmì sí. Mo ní mo ti kó o dànù pẹ̀lú àwọn ìwé àtijọ́. Ó wà nínú àpò kóòtù mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó bi mí bóyá ìlà kankan nínú àádọ́ta náà ní àpótí tó ṣófo. Mo ní mi ò rántí. Ó wá wo Kafáyá.

"Alhaji, èmi ni mo kọ ọ́," Kafáyá wí. "Mi ò mọ̀ pé àpótí tó ṣófo kì í sí nínú fáìlì. Mi ò sì ṣa ìlà tó máa fi hàn mí. It's on me."

Alhaji yí ojú sí mi. "Ìwọ mọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ka kóòdù rẹ̀."

Ó wò mí pẹ́. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tó gbé kẹ́tù kaná. Ó pe Kafáyá. Mo gbọ́ ìró ṣíbí nínú ife, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ara tù mí. Ìtura ló kọ́kọ́ dé. Ìtìjú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nígbà tí mo rí i tó ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, tó tún wá kúnlẹ̀ kí mi pé, "Uncle, ẹ ṣeun gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi." Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ yẹn, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé East Dulwich, mo fa ìwé náà ya, mo sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣọ́ra tó nìyẹn.

Mo tún kóòdù náà ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo jẹ́ kó máa ka àdírẹ́sì. Alhaji ní, "O ṣeun, o gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú." Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi dúró de irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, mi ò mọ ibi tí màá wò.

Ọdún mẹ́sàn-án mìíràn ni mo fi jẹun lórí kóòdù tí Kafáyá kọ. Alhaji re ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ rẹ̀ gba ọ́fíìsì. Àwọn irinṣẹ́ tuntun dé tó ń rántí àpótí tó ṣófo fúnra wọn. Lẹ́yìn wọn ni èyí tó ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀ dé, tí o kàn máa bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àyà mi ń lù kìkì, dókítà ní kí n sinmi, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Kò sẹ́ni tó po tíì fún mi. Mo là á já.

Kafáyá ló pè mí pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nílé ìkàwé. Ẹ rí i bó ṣe rí báyìí. Ẹ mọ iye ènìyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà tó ní èmi ni ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn àṣìṣe rẹ̀ fún yín, pé nínú àádọ́ta ìlà tí òun ṣà, òun kò ṣa èyí tó ní àpótí tó ṣófo, pé ìyá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí rẹ̀, pé òun kì í ṣa ìlà láìrántí rẹ̀ títí dòní. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì tún jowú rẹ̀. Àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an ló ń gba àtẹ́wọ́ lé lórí, mo sì ń jowú.

Mo dúró dè é níta, nítòsí ibi tó so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Kafáyá, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní àpótí tó ṣófo."

"Níbo?"

"Nínú àádọ́ta tó o ṣà. Ìlà kẹtàdínlógójì, ìyá Deptford gan-an. O kà á pé ó fẹ́ràn ẹja. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ó tọ́."

Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"So mo ṣà á," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo ṣà á, mo sì kà á."

"O ṣà á, o sì kà á dáadáa."

"Kí ló dé, Uncle?"

"Mò ń jowú rẹ ni."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò bú mi. Ó ní ṣé mo mọ iye ọmọ tí òun ti sọ fún pé òun kò mọ ìlà ṣà. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó ní ẹ ṣì wà nínú ilé, ẹ ń to àga, kí n wọlé lọ sọ ọ́ fún yín. Mo wo ilẹ̀kùn náà. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́.

"Ẹ kọ ọ́," ó wí. "Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. And ẹ kọ orúkọ yín sí i, torí orúkọ tèmi ló ti wà lára ẹ̀ látọjọ́ yìí."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wò ó títí ó fi yà, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nà tó, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi pamọ́, mo sì tún jowú ìyẹn náà.

Gàníyù ni orúkọ mi. Èmi ni mo di ìwé mú.